Áńtíbọ́dì aláwọ̀ fún CD46, CD55 àti CD59: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ṣọ̀ún
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà. Mo fẹ́ fi áńtíbọ́dì aláwọ̀ (áńtíbọ́dì tí wọ́n so àwọ̀ tó ń tàn mọ́, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ohun tí a ń wá) wo CD46, CD55 àti CD59 lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, àwọn prótéènì tí kì í jẹ́ kí complement, ìyẹn àwọn prótéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn, pa sẹ́ẹ̀lì ara wa. Màá fi ti àwọn tí ibà ń ṣe wé ti àwọn tí ara wọn le. Lésà búlúù nìkan, 488 nm, ló wà lára flow cytometer (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan) tí wọ́n gbà kí n lò. Owó ọwọ́ mi ò lè ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà, àwọ̀ wo ni kí n sì mú?

Ìyá Láàbù
Àbúrò mi, má fowó ra CD46. Kò sí lára sẹ́ẹ̀lì pupa èèyàn; sẹ́ẹ̀lì funfun àti ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara yòókù ló ní in. CD35 ni kí o fi rọ́pò rẹ̀. Òun náà ń kápá complement, ọ̀rọ̀ ibà sì kàn án gan-an, torí ó wà lára ohun tí kòkòrò ibà, Plasmodium falciparum, ń dì mú kó tó wọ sẹ́ẹ̀lì pupa. CD55 náà ń bẹ níbẹ̀: lọ́dún 2015, ìwádìí fi hàn pé kòkòrò yẹn nílò rẹ̀ láti wọlé. Iṣẹ́ gidi lo dáwọ́ lé.

Ti àwọ̀: CD59 pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì pupa, àwọ̀ FITC ti tó fún un. CD55 kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, CD35 sì kéré gan-an. Àwọ̀ PE ni kí o mú fún àwọn méjèèjì, ó tàn ju FITC lọ, lésà rẹ á sì tan án. Fi CD59 àti CD55 sí túùbù kan, CD35 sí òmíràn.

Adé Tákìé
Mà, ṣé kò ní í dín owó kù bó bá ra monoclonal (áńtíbọ́dì tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irú kan ṣoṣo) tí kò láwọ̀, kó wá fi áńtíbọ́dì kejì tó láwọ̀ lé e?

Ìyá Láàbù
Á dín in kù, Adé, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí. Ara eku ni wọ́n ti rí àwọn monoclonal wọ̀nyí, áńtíbọ́dì kejì á lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn, kò ní í mọ CD59 yàtọ̀ sí CD55. Ó tún lè mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa so pọ̀.

Ọ̀gá Ẹ̀jẹ̀
Bẹ́ẹ̀ ni. Clone, ìyẹn orúkọ irú áńtíbọ́dì tí wàá béèrè: p282 tàbí MEM-43 fún CD59, IA10 fún CD55, E11 fún CD35. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, kí o máa fi kún un títí wàá fi rí iye tó yanjú. Ìgò kan á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Èyí tó ká mi lára jù: bi gbogbo aláìsàn bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ibà bá mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ ló ń gba ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ á sì da èsì rẹ rú.

Bó bá ń bọ̀ láti Èkó, bẹ̀ wọ́n kí yìnyín má kan ìgò náà. PE á bàjẹ́ bó bá dì. 2 sí 8 °C ni kó máa gbé, inú òkùnkùn.

Ọmọ Ṣọ̀ún
Ẹ ṣeun gan-an, mà, ẹ ṣeun, sà. CD59 àti CD55 ni màá kọ́kọ́ rà. Ẹ̀jẹ̀ tí mo bá gbà lónìí, ṣé ó lè dúró di ọ̀la?

Ìyá Láàbù
Ó lè dúró nínú túùbù EDTA (èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), nínú fìríìjì. EDTA á gba calcium àti magnesium tí complement fi ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Má gbé e sínú fírísà o, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ́.