Èjìká tó le koko nítorí iṣẹ́: ta ni mọ̀sáàjì ti ṣiṣẹ́ fún?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Iwájú kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tó bá fi máa di ọ̀sán èjìká mi méjèèjì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí láìjẹ́ pé mo mọ̀, ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká á wá le koko, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi látẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe mọ̀sáàjì rí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kéèyàn má wulẹ̀ náwó?

Díráfà Àgbà: Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n Díráfà, ẹ sọ ọ́ yéni jàre. Èmi aránṣọ ni mí, orí máṣíìnì ni mo máa ń tẹrí sí, ọrùn wá gan débi pé mi ò lè yíjú wẹ̀yìn mọ́, ni mo bá lọ bá obìnrin kan pé kó bá mi wọ́ ọ, ó gbé ìgúnpá lé mi lẹ́yìn ó ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, mo ní ó ń dùn mí, ó ní kí n fara dà á, pé bó ṣe ń dùn tó bẹ́ẹ̀ ló ń tú tó. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mi ò lè gbọ́wọ́ sókè ya irun mi. Inú ṣì ń bí mi.

Àrẹ̀mú: Ó gbọ́dọ̀ dùn kó tó tú. Èyí tí wọ́n kàn ń fi òróró ra èèyàn lára, ṣé ìyẹn náà ni mọ̀sáàjì?

Ìyá Ìbejì: Àrẹ̀mú, wá gba ìgúnpá yẹn ná kó o tó sọ̀rọ̀.

Fìsíò: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ mi nìyí, fìsíò tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ni mí, inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ irú ẹ̀. Àrẹ̀mú, tó o bá ti ń dá èémí dúró tàbí tò ń di ẹ̀ṣẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti pọ̀ jù, ṣe ni ara ń gbèjà ara ẹ̀, iṣan á tún le sí i. Kó ro èèyàn díẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì kò burú, àmọ́ tí ọwọ́ bá ń kú títí dé ọmọ ìka, ẹ lọ rí dókítà. Kí wọ́n má tẹ eegun ẹ̀yìn fúnra ẹ̀, kí wọ́n má sì tẹ iwájú ọrùn.

Díráfà Àgbà: Ó dáa, mo ń bọ̀ lórí tèmi. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá sún kẹẹrẹ ni mo máa ń di eyín pọ̀ láìmọ̀. Ẹni tó ń wọ́ mi lọ́rùn ló bi mí pé ṣé orí ń fọ́ mi, ó wá fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n mi níwájú etí, ibi tó máa ń yọ síta téèyàn bá jẹ eyín pọ̀, jẹ́jẹ́ ló ń yí i. Mo yán. Ojú mi ṣe omi. Orí fúyẹ́.

Àdùkẹ́: Haa! Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ó dùn mí o!

Ọmọ Tíṣà: Èmi náà 😩

Àrẹ̀mú: Ẹ má gbàgbé omi mímu lẹ́yìn ẹ̀ o, kí májèlé tó ń tú jáde lè bómi lọ.

Alálàyé: Májèlé wo? Ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ló ń bá wa kó májèlé kúrò lára. Àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, kó ìwádìí lórí mọ̀sáàjì fún ẹ̀yìn ríro jọ lọ́dún 2015, wọ́n ní ó lè dín ìrora kù fúngbà díẹ̀, pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò sì lágbára.

Díráfà Àgbà: Fúngbà díẹ̀ yẹn náà ni mo rí sùn.

Fìsíò: Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ. Orí èèyàn tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún, téèyàn bá nà án síwájú lọ́jọ́ gbogbo, iṣan kan náà ló ń gbé e. Àdùkẹ́, gbé kọ̀ǹpútà sókè dé ọ̀gangan ojú, kó o sì máa dìde.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró bíi tèmi, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn yín lẹ́yìn lábẹ́ orúnkún, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ́ ọ o! Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ.

Ọmọ Tíṣà: Ẹni tí ò lówó ńkọ́? Ìyàwó mi ní òun ò wọ́ mi mọ́, àtàǹpàkò ń dùn ún.

Ìyá Ìbejì: Ìwọ náà ti wọ́ tiẹ̀ rí?

Ọmọ Tíṣà: Mà, ọ̀rọ̀ owó la ń sọ 😅

Fìsíò: Fi bọ́ọ̀lù tẹníìsì sáàárín ẹ̀yìn àti ògiri, kó o máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun palaba èjìká.

Àrẹ̀mú: Ti gọ́ọ̀fù ńkọ́? Ìyẹn le dáadáa.

Fìsíò: Àtẹ́lẹsẹ̀ nìyẹn wà fún. Àrẹ̀mú, má gbé e sẹ́yìn.