Ṣé dandan ni ímeèlì nígbà tí WhatsApp wà?

Ìyá Wùrà, Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye. Ọmọ mi ń wáṣẹ́, gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti ń ní kó fi CV ránṣẹ́ sórí ímeèlì, mo ní kó kúkú fi ṣe WhatsApp ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní kafẹ́ kan ní Àgbowó ló bá a ṣí i, nọ́ńbà tiẹ̀ ló fi ṣe é, òun náà ló mọ páswọ́ọ̀dù, tọ́mọ bá fẹ́ wo lẹ́tà àfi kó wọkọ̀ lọ bá a. Kí ni wọ́n ń fi nǹkan yìí ṣe gan-an?

Ọmọ Sángo
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. WhatsApp, ilé iṣẹ́ kan ló ni ín, ẹni tí ò bá sí níbẹ̀ ẹ ò lè rí i bá sọ̀rọ̀. Ímeèlì ò ní ọ̀gá kan ṣoṣo, ẹni tó ń lo Gmail lè kọ sẹ́ni tó ń lo Yahoo, á débẹ̀. Ó sì ti pẹ́ o, 1971 ni Ray Tomlinson ní Amẹ́ríkà ti fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíì, òun ló mú àmì @ tẹ́ẹ ń rí yẹn. Àbí ẹni tí igba èèyàn ń kọ̀wé sí, ibo ló ti fẹ́ rí CV ọmọ yín láàrin ẹ káàárọ̀ àti fídíò àdúrà?

Baba Ẹ̀rọ
Èmi o, WhatsApp ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ní Ring Road 😂

Tísà Bódìjà
Ọ̀rọ̀ kafẹ́ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù mà. Tẹ́ẹ bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù Facebook, inú ímeèlì ni wọ́n máa ń fi líǹkì tẹ́ẹ fi máa yí i padà ránṣẹ́ sí, torí náà ẹni tó bá mú ímeèlì yín lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ló mú yẹn. Ọmọ kafẹ́ yẹn lè má níkà nínú o, ṣùgbọ́n kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá Wùrà, Mọ́kọ́lá
Háà! Ó ti fi àdírẹ́sì yẹn kọ̀wé síbi púpọ̀ ńkọ́, ṣé kó ṣí òmíì ni?

Tísà Bódìjà
Rárá mà, ẹ má jù ú nù, ibẹ̀ náà ni èsì máa wọlé sí. Kó bá ọmọkùnrin yẹn débẹ̀, kí wọ́n ṣí i sórí fóònù ọmọ yín, kó yí páswọ́ọ̀dù padà lójú ẹsẹ̀, kó yọ nọ́ńbà kafẹ́ kó fi tiẹ̀ sí i, kó wá wá ibi tí wọ́n kọ Security sí kó lé gbogbo ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiẹ̀ jáde. Kó tún yẹ inú Spam, ibi tí ímeèlì máa ń kó lẹ́tà tó bá fura sí lọ, wò dáadáa, ibẹ̀ ni lẹ́tà ìpè sí intafíù máa ń já sí nígbà míì, kéèyàn sì máa rò pé wọn ò dá òun lóhùn.