Èsì: "Ìfọ́eegun" kò lè gbé ẹrù yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Àbá tó wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ni pé kí á fi "ìfọ́eegun" ṣe orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo eegun tó bá dá, kí á lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé tí àwọn aláìsàn yóò máa kà ní Mushin àti Ṣómólú. Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ta ló ń sọ pé ẹsẹ̀ òun fọ́? Eegun a máa fọ́ lóòótọ́, bí ọkọ̀ bá gun ẹsẹ̀ èèyàn tó sì rún un sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, "apá ọmọ mi ti dá" tàbí "ó ti kán lápá" ni ìyá rẹ̀ máa fi igbe ta. Bí oríkèé bá kúrò ní àyè rẹ̀, a ní ó yẹ̀. Bí èèyàn bá ṣi ẹsẹ̀ gbé létí gọ́tà, a ní ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Èdè ti pín in fún wa kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kí ni a wá ń dà wọ́n pọ̀ sí?

"Sán" ni ìṣòro gan-an. Ìkòkò tó sán, a ṣì ń tọ́jú nǹkan gbígbẹ sí i. Nítorí náà, bí dókítà bá ní eegun sán, ohun tí aláìsàn gbọ́ ni pé "a dúpẹ́, kò dá." Obìnrin kan ní Ìta Fájì fi ọ̀bẹ gé POP, ìdè funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun tó dá, kúrò lápá ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé, torí àwọn ará ilé ní èyí tó sán lásán kò nílò ìdè. Ọmọ náà tún ṣubú lu apá yẹn, èyí tó sán sì dá pátápátá. Lójú oníṣègùn, eegun tó sán ti dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yà kúrò lára ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí "dídá eegun" jẹ́ olórí ọ̀rọ̀, kí sísán, kíkán àti fífọ́ sí wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mú "dídá ẹ̀ka tútù" wá fún ti ọmọdé, mo gbà fún un: eegun ọmọdé a máa tẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan là, kí ẹ̀gbẹ́ kejì má dá.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ "ìdínkù eegun"? Ẹ̀rín pa mí. Lóòótọ́, reduction ni àwọn dókítà ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọn kì í dín eegun ẹnikẹ́ni kù. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń tì í, títí ojú méjèèjì tó dá á fi padà pàdé. "Títo eegun" nìyẹn! Àwọn ato-eegun ti ń lò ó láti ayébáyé. Ibi tí èmi ti bá wọn jà ni ìdì: bí wọ́n bá fi ọparun di ẹsẹ̀ pinpin tí ó sì ń wú lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá. Ọmọ ìka á tutù, á kú tipiri, ìrora á sì máa pọ̀ sí i. Ẹni tó bá rí èyí, kí ó tú u lójú ẹsẹ̀ kó sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn eegun l'Ékòó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìdì líle ló kọ́kọ́ bà á jẹ́.

"Dídá tó ṣí" náà, fún eegun tó dá tí awọ ibẹ̀ sì ya, kò dáa, ó ń dún bí ilẹ̀kùn. "Eegun yọ síta" sì kéré jù, torí bí ọgbẹ́ bá ti wọlé dé ibi tó dá, ì báà kéré bí orí ìṣó, ewu kòkòrò ti wọlé nìyẹn: a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa, ká lo oògùn tó ń pa kòkòrò, ká gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. "Dídá ọlọ́gbẹ́" ni tèmi.

POP, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n, títí dé orí àjà ilé, ohun kan náà ni.

Ní ti ohun tó ń hù láàárín eegun kí ó tó so, "èépá" kò bá a mu, torí èépá a máa ṣí kúrò, èyí sì ń di eegun gidi. "Kókó eegun" ni àwọn ìyá ń fọwọ́ bà lápá ọmọ tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n. Kí ìwé náà sọ fún wọn pé kókó yẹn ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Apá àgbàlagbà lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 6, ojúgun a máa kọjá 12, ọmọdé ń yá jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá tò dáadáa, "ó jiná ní wíwọ́", èyí tó kọ̀ jálẹ̀, "kò so."

Ó ku irin. "Irin inú" fún èyí tí wọ́n kàn mọ́ eegun lábẹ́ awọ, "irin ìta" fún èyí tó yọ gọngọ síta lára ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ orúkọ mìíràn ní wọ́ọ̀dù, kó fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé náà.