Ariwo títì àti ti afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ oníbátìrì: kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ará Ìperu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tó bá mọ̀ nípa ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Nissan Leaf tokunbọ̀ ni mo ń wà, ó sì ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ láàrin Ìperu àti Ìjẹ̀bú-Òde láìsí wàhálà. Ariwo inú rẹ̀ nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú ìlú, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gba Ṣágámù bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Òrè àti Bìní, ìró méjì ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Èkínní jẹ́ híhùn tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, ní agbègbè ìjókòó ẹ̀yìn, tó máa ń rọlẹ̀ níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, tó sì máa ń ga níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti yọ sókè lójú títì. Èkejì jẹ́ súfèé tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi òsì, èyí tí n kì í gbọ́ àfi tí mo bá ti kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí kan.

Olùtajà kan ti ní kí n ra ọ̀dà alálẹ̀mọ́ tí àwọn káfíńtà fi ń dí òrùlé tó ń jò, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú dé búùtù. Owó rẹ̀ kò kéré, ìwúwo rẹ̀ náà kò kéré, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí bátìrì tó wà nísàlẹ̀. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ó tún ku ọ̀kan: bí mo bá ń rọra wọ inú ọgbà, ọkọ̀ náà máa ń kùn láti apá iwájú. Ṣé ó ti ní àbùkù kan ni?

Onítáyà Ṣágámù

Ẹ kú ìbéèrè o, ará Ìperu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Híhùn tó bá ń yí padà bí ojú títì ṣe ń yí padà, ọ̀rọ̀ táyà ni. Bí a bá lẹ ọ̀dà mọ́ gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí táyà ṣì ń pariwo, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Nínú ọkọ̀ elépo, ẹ́ńjìnnì máa ń bo ìró yìí mọ́lẹ̀. Nínú ọkọ̀ oníbátìrì kò sí ohun tí yóò bò ó, ìdí nìyẹn tí etí yín fi ń gbọ́ gbogbo ohun tí táyà ń ṣe.

Ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, ẹ fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì fi í wé nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníbátìrì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ni afẹ́fẹ́ inú táyà wọn ti pọ̀ jù, nítorí àwọn awakọ̀ gbà pé bí táyà bá le, bátìrì á gbé wọn jìnnà sí i. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n táyà tó le jù ń gbé gbogbo òkúta ojú títì wọ inú ọkọ̀, àárín rẹ̀ nìkan ló sì máa ń jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju nọ́ḿbà náà lọ, nítorí bátìrì mú kí ọkọ̀ yìí wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ elépo lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná, ó sì lè bẹ́ lórí eré.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà, pàápàá àwọn ti ẹ̀yìn. Ẹ rà á síwájú, kí ẹ tún rà á sẹ́yìn. Bí ó bá ń yọ̀ nígbà tí ọwọ́ ń lọ, tó wá ń ha ọwọ́ bí eyín ayùn nígbà tí ọwọ́ ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ló ti jẹ ju èkejì lọ lára ojú táyà náà. Híhùn rẹ̀ jọ ti bíárìn tó ti bàjẹ́ débi pé àwọn mẹkáníìkì mìíràn á pààrọ̀ bíárìn láìnídìí. Ẹ lè mọ ìyàtọ̀ wọn: ìró bíárìn máa ń ga tàbí kó rọlẹ̀ bí ẹ bá rọra yí sítíárì sí òsì tàbí sí ọ̀tún lórí ìrìn, nítorí pé ìwúwo ọkọ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, nígbà tí ìró táyà ń tẹ̀ lé ojú títì. Táyà tó bá ti jẹ báyìí, àláìnmẹ́ǹtì kò lè tún un ṣe mọ́. Ohun tí àláìnmẹ́ǹtì wúlò fún ni pé kò ní jẹ́ kí tuntun tí ẹ bá rà tún jẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ DOT tó wà lára táyà. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le, bó ti wù kí ihò ojú rẹ̀ ṣì jìn tó, rọ́bà líle sì máa ń pariwo. Ìdí nìyí tí n kì í fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi táyà tokunbọ̀ sí ọkọ̀ oníbátìrì. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ mọ̀ pé iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) tí wọ́n ń kọ sára ìwé táyà tó ti Yúróòpù wá, ariwo tí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń gbọ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Àwọn táyà kan sì wà tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ inú wọn. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà máa ń gbọ̀n ní nǹkan bíi ìgbà 200 sí 230 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, fóòmù yẹn ló sì ń pa ìró rẹ̀. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà wọ́n, ẹ bi fọkanáísà yín bóyá ó mọ bí a ṣe ń gé fóòmù kúrò níbi tí ìṣó bá ti gún táyà, nítorí pátì kò lè mú lórí fóòmù.

Olùkọ́ Agọ́-Ìwòyè

Onítáyà ti sọ ohun tó yẹ lórí híhùn, ẹ jẹ́ kí n mú súfèé. Ariwo afẹ́fẹ́ máa ń yára pọ̀ ju eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti kìlómítà 80 dé 100, tí í ṣe òpin eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀ wa, eré kò fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára ìró afẹ́fẹ́ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6. Ìdí nìyẹn tí táyà fi ń jọba nínú ìlú, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀.

Súfèé tín-ín-rín yàtọ̀ sí ariwo afẹ́fẹ́ yòókù, nítorí pé ojú ibì kan pàtó ló máa ń ti wá. Ẹ ra téèpù oníwèé tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ máa ń lò, nítorí kì í bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Ẹ fi bo àlàfo tó yí ilẹ̀kùn awakọ̀ ká láti ìta, kí ẹ sì fi bo ìdí dígí ẹ̀gbẹ́ níbi tó ti so mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ gba ilẹ̀kùn kejì wọlé. Ẹ pa fáànù ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ lọ sí ojú ọ̀nà kan náà ní eré kan náà, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́. Bí súfèé bá ti dákẹ́, ẹ máa ṣí téèpù náà níbì kọ̀ọ̀kan títí ìró náà yóò fi padà. Ibi tí ẹ ṣí kẹ́yìn ni ihò wà.

Fún rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ gé bébà tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ẹ fi há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ wá fà á. Ó yẹ kó máa lọ́ra láti jáde. Níbi tó bá ti yọ wọ̀ọ̀, ẹ wo rọ́bà ibẹ̀ dáadáa: ẹ ó rí i pé ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán, eruku ọyẹ́ sì ti dì mọ́ inú ìlà rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì fi òróró sílíkónì pa á. Ẹ má ṣe lo girísì tàbí òróró ẹ́ńjìnnì, nítorí wọ́n ń ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù wọn ariwo, ẹ mọ̀ pé òṣùwọ̀n ariwo tí wọ́n ń pè ní dB(A) máa ń fojú kéré ìró tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú ìró bẹ́ẹ̀ gan-an ni híhùn táyà. Etí yín lè gbọ́ àyípadà ńlá nígbà tí nọ́ḿbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan.

Oníṣẹ́ Inú Ọkọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ní ti ọ̀dà òrùlé, ẹ sá fún un. Bí ọkọ̀ bá ti dúró sínú oòrùn pẹ̀lú gíláàsì ní títì, ọ̀dà náà á rọ̀, á máa rùn, á sì máa ṣàn kúrò lójú ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Butyl olójú alumíníọ̀mù, ìyẹn rọ́bà alálẹ̀mọ́ tó ní alumíníọ̀mù lójú, ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí irin pẹlẹbẹ má gbọ̀n mọ́, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ fi bo gbogbo irin. Ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìlàjì ojú irin náà tó. Ẹ fi ìka kan irin ọ̀hún: níbi tó bá ti ń dún gbọnrangandan ni ẹ lẹ̀ ẹ́ sí, ẹ fi ibi tó ń dún kú sílẹ̀. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 2 ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 3 sí 4 fún mítà onígun mẹ́rin kan, ìwúwo yẹn kò sì ṣeé fojú fò bí a bá kàn ń lẹ̀ ẹ́ káàkiri.

Nínú Leaf, búùtù àti inú ọkọ̀ kò ní ògiri láàrin, ìdí nìyẹn tí ìró táyà ẹ̀yìn fi ń dé iwájú tààrà. Orí ihò táyà ẹ̀yìn àti ilẹ̀ búùtù ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà àwọn ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má ṣe dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí òjò tó ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé ń gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá dí i, ìpẹtà ni yóò rí. Ẹ má ṣe ki nǹkan sínú òpó àti etí òrùlé níbi tí àpò afẹ́fẹ́ agbẹ̀mílà wà. Ní ti bátìrì, ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ilẹ̀ ọkọ̀ náà, kò gbọdọ̀ fi ìṣó kàn án, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan, nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì ló ń gba inú wọn kọjá.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Kòtò ojú ọ̀nà wa ti fa ike abẹ́ ọkọ̀ àti ike inú fẹ́ńdà púpọ̀ já, àwọn kan á sì ya á dànù pátápátá nítorí pé ó ń gbọ̀n. Ike yẹn wà lára ohun tó ń dín ariwo afẹ́fẹ́ àti òkúta kù. Ẹ dá a padà, ẹ dè é dáadáa.

Ìyá Ìlíṣàn

Ẹ̀yin ará mi, kò sí ẹni tó dáhùn ọ̀rọ̀ kíkùn inú ọgbà. Kì í ṣe àbùkù rárá. Ìró ìkìlọ̀ ni, kí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lè mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Òfin àjọ àgbáyé nọ́ḿbà 138 ní kó máa dún títí dé kìlómítà 20 ní wákàtí kan, òfin Amẹ́ríkà ní títí dé 30, gbogbo ọkọ̀ oníbátìrì tuntun ní Yúróòpù sì gbọ́dọ̀ ní in láti oṣù Keje ọdún 2021. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sọdá títì lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, àwọn tí kò ríran náà sì ń fi etí wọn rìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí rewáyà kankan já a.

Ará Ìperu

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín, mi ò ní fọwọ́ kan ìró ìkìlọ̀ náà. Mo ti lẹ téèpù. Súfèé dákẹ́, ó sì padà nígbà tí mo ṣí ti ìdí dígí ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ mi náà gbọ́ ohun tí Onítáyà sọ lára táyà ẹ̀yìn méjèèjì, àwọn ti iwájú kò sì ní nǹkan kan. Yíyí sítíárì kò yí híhùn náà padà. Ṣé mo lè pààrọ̀ méjì péré?

Oníṣẹ́ Inú Ọkọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ní ti dígí, ẹ yọ ike onígun mẹ́ta tó wà nínú, ẹ tún bóòtù tó dè é fún. Bí rọ́bà ìdí rẹ̀ bá ti gbẹ, fóòmù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í fa omi ni kí ẹ fi yí i ká kí ẹ tó dá a padà.

Onítáyà Ṣágámù

Ẹ lè pààrọ̀ méjì, bí ti iwájú kò bá tíì gbó. Kí méjèèjì jẹ́ oríṣi kan náà, kí wọ́n wà lẹ́yìn, kí nọ́ḿbà ìwọ̀n àti ti ẹrù tó wà lára wọn má sì kéré ju èyí tí ọkọ̀ náà gbé wá láti ilé-iṣẹ́. Ẹ ṣe àláìnmẹ́ǹtì àti bálánsì lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ náà dé Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ padà, kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ ṣì fẹ́ ra butyl.