Vernazza tàbí Levanto: ilé wo ló yẹ wá pẹ̀lú Màmá?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. A fẹ́ gba ilé tí a ó ti máa dáná fúnra wa fún ọ̀sẹ̀ kan létí òkun Liguria ní Ítálì, lóṣù kẹjọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu.

Vernazza ló wu àwọn ọmọ. Fèrèsé ilé náà kọjú sí òkun, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn olókùúta tóóró ni wọ́n ń gùn débẹ̀, mọ́tò kò sì lè dé ẹnu ọ̀nà. Levanto lọ́kàn tèmi fà sí: ibẹ̀ tẹ́jú jù, etíkun rẹ̀ fẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbéni dé Monterosso, ìlú etíkun tó wà nítòsí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ilé ìdáná ló ń kọ mí lóminú. Ìkòkò kékeré kan ni mo rí nínú àwòrán, Màmá kì í sì í fi pasta sùn. A ó gbé gàrí láti London. Ẹran ni wọn ò ní jẹ́ ká gbé wọlé. Ṣé a lè rí ata rodo rà ní La Spezia, ìlú ńlá tó wà nítòsí? Ṣé ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣí lọ́jọ́ Ferragosto, ọjọ́ ìsinmi àwọn ará Ítálì ní 15 oṣù kẹjọ? Ẹni tó bá ti gbé àgbàlagbà lọ síbẹ̀ rí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i kí n tó san àsansílẹ̀.