One-tail àbí two-tail? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ statistics, ẹ gbà mí o. Hypothesis testing oní-sample kan ni (ká fi dátà dán ọ̀rọ̀ kan wò), mo rò pé ó ti yé mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní báàtìrì kan máa ń lo wákàtí 50, wọ́n wá dán 25 wò, mean wọn jẹ́ 52, standard deviation 5.5. Mo lo t (t-test, tá a máa ń lò tá ò bá mọ standard deviation gbogbo báàtìrì) torí inú sample yẹn náà ni 5.5 ti wá, mo fi root 25 pín in, ó di 1.1, mo wá fi 1.1 pín 2 (ìyàtọ̀ àárín 52 àti 50), t bọ́ sí 1.82. Títí débẹ̀, kò síṣòro.

Àfi ìgbà tí mo wo tébù, 24 degrees of freedom (25 yọ 1), 0.05 (ìwọ̀n àṣìṣe tá a gbà láàyè): one-tail (ká wo apá kan ṣoṣo, bíi bóyá ó ju 50 lọ) 1.711, two-tail (ká wo apá méjèèjì, bóyá ó jù ú tàbí ó kéré sí i) 2.064. Ẹ wò ó, tí n bá lo ìkan màá reject H0 (ọ̀rọ̀ pé wákàtí 50 náà ni), tí n bá lo ìkejì mi ò ní reject ẹ̀, dátà kan náà o! Ìbéèrè kàn ní ṣé ó yàtọ̀ sí 50 ni. Ọ̀rẹ́ mi ní one-tail ni torí 52 ju 50 lọ, àmọ́ ṣé kì í ṣe òjóró nìyẹn, ká ti rí èsì ká tó wá yan tail?

Ẹ̀ẹ́kejì, mo kọ ọ́ pé "H0 jẹ́ òótọ́" nígbà tí mi ò reject, tíṣà fi bírò pupa fa igi lé e. Kí ló burú ńbẹ̀ gan-an?