Ìdáhùn: "Amúyọ́" kọ́, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Àbúrò wa obìnrin tó ń po ìpara nílé béèrè ohun méjì: kí ni ká máa pe solubilizer, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí òróró bá omi pò, kí sì ni ká máa pe ester (ẹ́sítà), irú èròjà tí òrí àti àdín jẹ́? Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹnì kan ti ní "amúyọ́" ni ti àkọ́kọ́, "ọtí-àsìdì" ni èkejì, àwọn yòókù sì ń kí i kú iṣẹ́. Iṣẹ́ wo?

Iná tàbí oòrùn ló ń mú nǹkan yọ́. Òrí ń yọ́, ìda ń yọ́. Iyọ̀ tí ẹ dà sómi ń kọ́? Ó ń yòrò ni. Ẹ ní àwọn èèyàn ń sọ pé ṣúgà yọ́ nínú tíì? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìyẹn. Ẹ tún wo àmì orí rẹ̀: bí ẹni tó ń fi fóònù tẹ̀wé bá fò ó, "amúyọ́" lè di amúyọ̀, ó lè di amúyó. Bàbá wa tó ní òun ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wa ní àyíká ọ̀rọ̀ á tú u. Ẹ má bínú, sà: orúkọ tó dá wà lára ìgò kò ní àyíká ọ̀rọ̀.

"Amúyòrò" pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ kán òróró lafẹ́ńdà, òdòdó olóòórùn dídùn nì, sínú omi, á léfòó, ojú omi á máa dán. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ po òróró yẹn mọ́ polysorbate 20, ọ̀kan lára àwọn solubilizer tí à ń wí yìí, ká ní òróró ìdá kan sí polysorbate ìdá mẹ́rin, kí ẹ wá máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀: á mọ́ gaara. Òróró ò yòrò o. Apá kan lára polysorbate fẹ́ràn òróró, apá kejì fẹ́ràn omi. Ẹyọ-ẹyọ polysorbate á pagbo yí òróró ká, apá tó fẹ́ràn omi á kọjú síta, agbo náà á sì kéré débi pé ojú ò ní rí i. Wọ́n fi òróró pamọ́ ni. "Afòrórópamọ́" ni tèmi, bí a ṣe ń sọ pé afọ̀nàhàn. Ó gùn? Ó gùn.

"Ọtí-àsìdì" ló bí mi nínú jù. Lóòótọ́, àsìdì àti irú ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní ọtí ló so pọ̀, tí omi jáde lára wọn, kí ẹ́sítà tó wà. Àmọ́ bó bá ti wà tán, kò sí ọtí níbẹ̀ mọ́. Òrí àti àdín tí wọ́n fi pa wá lára lọ́mọdé, ẹ́sítà ni. Ẹ kọ "ọtí-àsìdì" sára ike òrí, kí ẹ wá gbé e lọ fún Ìyá Alájì àdúgbò yín! Omi eérú tí àwọn ìyá wa ń dà sí àdín bí wọ́n bá ń se ọṣẹ dúdú, ẹ́sítà yẹn ló ń já, tó fi ń di ọṣẹ àti gílísíríìnì. Wọn ò fún un lórúkọ, ọṣẹ wọn sì hó. Polysorbate 20 gan-an, ẹ́sítà ni. Àsìdì lọ́ọ́ríkì, irú èyí tó pọ̀ nínú àdín, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ṣé "ọtí-àsìdì amúyọ́" la ó wá máa pè é? Ẹ fi ẹ́sítà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ti fi táyà àti bírékì sílẹ̀.

Ẹni tó sì ní "epo" ló yẹ dípò "òróró": epo lafẹ́ńdà? Ó ku kí ẹ fi se ọbẹ̀.

Ní ti ìjà "ìpara" àti "ìkunra" tí ẹ tún gbé dé, n ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Omi olóòórùn dídùn tí à ń fọ́n sára, a kì í pa á, a kì í sì kùn ún. Ẹni tó bá ní orúkọ fún un kó gbé e wá, kó má gbàgbé àmì ohùn.